Plọ́ọ̀gì mẹ́fà ni mo sanwó ẹ̀, mẹ́ta ni wọ́n pààrọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Sienna ẹlẹ́ńjìnì V6 (tó ní sílíńdà mẹ́fà, ìyẹn ihò tí epo ti ń jóná), ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìkòròdú níbí, ó lè ti ṣẹlẹ̀ sí yín kẹ́ ẹ má mọ̀.

Sienna 2005 ni mo fi ń kó èrò láti Sábó lọ sí Mile 12. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ìyẹn pé epo ò jó dáadáa nínú àwọn sílíńdà kan, tá a bá ti wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tó bá sì fẹ́ gun òkè, agbára ò sí. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, mo sanwó plọ́ọ̀gì mẹ́fà (ohun tó ń ṣáná sí epo, ọ̀kan fún sílíńdà kan), mo sanwó iṣẹ́, kò tó wákàtí kan wọ́n ní ó ti parí, plọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́ta ni wọ́n kó hàn mí, wọ́n ní àwọn ti da ìyókù nù. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì ó tún bẹ̀rẹ̀, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì wá ń ṣẹ́jú. Ẹ gbọ́ o, tí iná yẹn bá ń ṣẹ́jú, tí kì í ṣe pé ó kàn tàn sílẹ̀, ẹ má wà á lọ síbi tó jìn. Epo tí ò jóná ló ń wọnú sàléńsà yẹn, á gbóná gan-an, á sì ba kátálítíìkì (ohun tó ń fọ èéfín mọ́) tó wà níbẹ̀ jẹ́, owó ẹ̀ ò sì kéré.

Ẹnì kan fi sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú mọ́tò, yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbé kóòdù P0303 àti P0305 jáde. Nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń sọ sílíńdà tó ń mísì. Lórí ẹ́ńjìnì yìí, 1, 3 àti 5 wà lẹ́yìn lápá dáṣíbọ́ọ̀dù, abẹ́ ibi tí wáípà wà gan-an, 2, 4 àti 6 ló wà níwájú níbi tí ọwọ́ ti ń tètè tó wọn. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Mo lọ bá bàbá onílé wa, tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún mọ́tò ṣe kí wọ́n tó sinmi. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Iwájú nìkan ni wọ́n pààrọ̀ fún ẹ. Ta ló fẹ́ tú wáípà ẹ?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé mo lè ṣe é fúnra mi?" Wọ́n ní, "O lè ṣe é, ṣùgbọ́n má ṣe é lọ́jọ́ tó o bá fẹ́ lọ síbì kan."

Ọjọ́ Àìkú ni mo yàn, aago méje àárọ̀, ẹ́ńjìnì ti tutù láti àná. Ó gbọ́dọ̀ tutù, torí alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnì yẹn, tẹ́ ẹ bá tú plọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná ó lè fa tírẹ́ẹ̀dì (ìlà roboto tí plọ́ọ̀gì fi ń yí wọlé) já. Mo yọ orí bátìrì, mo tú ọwọ́ wáípà, rọ́bà tó wà lábẹ́ ẹ̀, mọ́tò wáípà, páànù tó gbé e dúró, ìgbà yẹn ni mo tó kan ìńtéèkì, ohun tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì, tó wà lórí ẹ́ńjìnì. Gbogbo wáyà tí mo bá fẹ́ yọ mo máa kọ́kọ́ fi fóònù yà á. Nọ́ọ̀tì ńkọ́, páálí ẹyin ni mo kó wọn sí, ihò kan fún nǹkan kan, bí mo ṣe tú wọn tẹ̀léra. Tí ìńtéèkì bá ti kúrò, ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnì á ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí i kíá, kẹ́ ẹ ka iye aṣọ tó wọlé, torí iye yẹn náà ló gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ ra gásikẹ́ẹ̀tì ìńtéèkì (ohun tó ń dí ojú ibi tó ti so pọ̀) tuntun sílẹ̀.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 10 ló ń tú kọ́ìlì, ohun tó ń fún plọ́ọ̀gì níná. Kí n tó fọwọ́ kan plọ́ọ̀gì, mo fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ iyanrìn inú ihò ẹ̀ jáde, tí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ inú sílíńdà ló ń lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì plọ́ọ̀gì 16, tó ní rọ́bà nínú, ni mo fi tú u. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jáde lẹ́yìn ti dógùn-ún, ẹnu wọn ti jẹ, àlàfo ẹnu wọn tí iná ń fò kọjá ti fẹ̀ jù. Ó dùn mí, mi ò lè purọ́.

Denso SK20R11 ni mo rà, 11 tó gbẹ̀yìn yẹn túmọ̀ sí pé àlàfo ẹ̀ jẹ́ 1.1 mm, irídíọ̀mù ni, ẹnu ẹ̀ tín-ín-rín, ẹ má fi irin tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá bọ́ lulẹ̀, ẹ má lò ó mọ́.

Plọ́ọ̀gì sílíńdà 3 ló fìyà jẹ mí. Mi ò rí ihò ẹ̀, ọwọ́ nìkan ni mo fi ń wá a, ó kọ̀ kò wọlé, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ti fẹ́ fi ráṣẹ́ẹ̀tì fún un lágbára. Bàbá pariwo láti orí àga wọn, "Má dán an wò! Yí i padà sẹ́yìn ná." Mo ki rọ́bà ọ̀pá epo kékeré bọ ìdí plọ́ọ̀gì náà, mo rọra yí i sápá òsì títí ó fi dún kọ́, mo wá yí i sápá ọ̀tún, ó sì wọlé jẹ́jẹ́. Rọ́bà yẹn dáa torí tí tírẹ́ẹ̀dì bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, òun ló máa yọ̀, kò ní ba nǹkan jẹ́. Tó bá ti jókòó, ìdajì yípo tàbí kó lé díẹ̀ ti tó fún tuntun tó ní wáṣà (òrùka irin tó wà nídìí ẹ̀). Ẹ má fi gíríìsì sí tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn máa ń jẹ́ kéèyàn dè é jù.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá kí n tó sítáàtì ẹ̀, ó ṣì ń mísì! Mo padà lọ wo fọ́tò inú fóònù, wáyà kọ́ìlì 5 ni mi ò tì wọlé dáadáa, mo tì í ó dún pá, ẹ́ńjìnì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mo ní kí wọ́n pa kóòdù yẹn rẹ́, àárọ̀ ọjọ́ Ajé mo kó èrò kún un láti Sábó, mo tẹ̀ ẹ́ títí dé Mile 12, iná yẹn ò tàn.