Òkúta Tó Ń Fa Eérú Mọ́ra

Ẹ gbé tourmaline píǹkì, òkúta iyebíye kan, tí wọn ò tíì gé sítòsí gílóòbù tó ń gbóná títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ẹ wá mú orí rẹ̀ súnmọ́ eérú gbígbẹ lórí bébà. Eérú á fò mọ́ ọn, torí ooru máa ń dá iná mànàmáná sí i lára. Ìgbà ọyẹ́ ló dára jù, torí afẹ́fẹ́ tútù olómi kì í jẹ́ kí iná mànàmáná inú rẹ̀ pẹ́. Àwọn ará Netherlands mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700. Aschentrekker, afa-eérú, ni wọ́n ń pè é, torí òun ni wọ́n fi ń fa eérú jáde nínú ìkòkò tábà.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìwòsàn rẹ̀ ti rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn tó ń fi òkúta wo èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní ọkàn ni píǹkì wà fún: gbé e lé àyà, sùn gbalaja, ọ̀fọ̀ àti àìróorunsùn á fúyẹ́. Iná inú òkúta náà kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò sí ẹ̀rí pé ó ń wo àrùn kankan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lè tu èèyàn lára, bí òkúta wà níbẹ̀, bí kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ẹ̀ dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ má sì mu omi tí wọ́n rẹ òkúta sí: tourmaline píǹkì máa ń ní ojú sísán nínú, wọ́n sì sábà máa ń fi òróró tàbí gọ́ọ̀mù dí i.

Máńgánísì ló fún un ní àwọ̀. Iná ńlá lè ṣí àwọ̀ náà, nítorí náà kí alágbẹ̀dẹ wúrà yọ òkúta kúrò kó tó jó òrùka.

Ní 1998, wọ́n wa ọ̀pọ̀ rubellite, èyí tó pọ́n jù nínú wọn, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Kọmu ní Òkè-Ògùn náà ń mú tourmaline jáde. Gíláàsì wá pọ̀ lọ́jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, ẹ sì lè dán an wò nílé. Ẹ wọn òkúta lórí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 gíráàmù, ká ní ó jẹ́ 6.12. Ẹ gbé ife omi lórí òṣùwọ̀n náà, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú so òkúta rì sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Bó bá ka 2.00, ẹ fi pín 6.12: ó di 3.06, ìyẹn ìlọ́po tó fi wúwo ju omi lọ, ó sì bá tourmaline mu. Rose quartz, òkúta píǹkì mìíràn, máa ń wà ní nǹkan bíi 2.65, ruby, òkúta pupa olówó ńlá, sì ń súnmọ́ 4. Ìfófòó omi tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ló máa ń ba ìṣirò jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a kúrò. Òkúta tó kéré ju gíráàmù kan lọ kò ṣeé gbára lé lọ́nà yìí.

Fún èyí tí wọ́n ti gé, ẹ fi awò onílọ́po mẹ́wàá wò ó láti ẹ̀gbẹ́: ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ á di méjì méjì. Ti gíláàsì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdánwò wíwọ̀n nínú omi ì bá ti tú àṣírí “ruby” tí Ọba Gustav III ti Sweden fún Ọbabìnrin Catherine ti Rọ́ṣíà ní 1777, tourmaline ni.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló tó láti fọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n tí wọ́n fi ń fọ ohun ọ̀ṣọ́ àti omi gbígbóná òjijì lè fọ́ ọ. Bí ẹ bá sì pàtẹ ẹ̀ sábẹ́ iná, ẹ máa nù ún lójoojúmọ́, torí eruku á máa dé bá a kíákíá ju àwọn òkúta tó kù lọ.