Bí irúgbìn bá kù nílé

Mi ò tíì dá Tántì lóhùn. Wọ́n tún pè láti Kútọnu lọ́sàn-án yìí: "Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ilé ìránṣọ yìí ńkọ́?" Wọ́n fẹ́ kí n wá máa ránṣọ lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò gùn.

Bàbá àgbẹ̀ kan ló fi ọ̀rọ̀ sí mi nínú láàárọ̀. Òjò rọ̀ lóru àná, àkọ́rọ̀ ọdún yìí, òórùn ilẹ̀ tútù sì gba gbogbo Kétu. Níbi tí mo ti ń ra àkàrà, ọmọ bàbá yẹn ń kánjú kí àwọn lọ gbin àgbàdo lónìí lónìí. Bàbá ò bá a jiyàn. Wọ́n kàn bi í pé, "Bí oòrùn bá pa eléyìí, ṣé irúgbìn kù nílé?" Ọmọ náà dákẹ́.

Ṣé irúgbìn kù nílé? Aṣọ tí mo rán títí di ọ̀sán, ìbéèrè yẹn ló ń bá mi rán an.

Ẹ mọ bí òjò tiwa níbí ṣe rí. Ó lè rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kẹta, kó wá dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, kí èyí tó ti hù gbẹ dànù. Ẹni tó bá sì ní òun ò gbìn àfi tí òjò bá fìdí múlẹ̀, ọ̀dá oṣù kẹjọ lè ká àgbàdo rẹ̀ mọ́ oko láìgbó. Ẹni tó yá àti ẹni tó pẹ́, àwọn méjèèjì ló lè pàdánù. Gbogbo èèyàn ń sọ fún mi pé kí n wo àmì, kí n gbàdúrà, kí n wo ojú ọ̀run. Bàbá yẹn ò wojú ọ̀run. Àká ni wọ́n ń wò.

Màmá ní ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́. Màmá yìí kan náà ló sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó fẹ́ lọ sí Gàbọ̀n, pé ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mi ò bá wọn wí. Wọ́n mọ ọmọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Mo gba iwájú Àkábà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, kọjá nírọ̀lẹ́, mo lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Àwọn tó padà wá síbí ló wá sí mi lọ́kàn. Dàhọ̀mì fọ́ ìlú yìí ní 1886, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Gbẹ̀hànzìn ọba Dàhọ̀mì tán ni àwọn tó kù tó rọ́nà padà. Àwókù ni wọ́n bá. Ta ló sọ fún wọn pé ó tó àsìkò? Kí ló kù nílé fún wọn? Kò sí nǹkan kan, wọ́n sì wá. Àbí àwọn fúnra wọn ni irúgbìn tó kù… Mi ò mọ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé nígbà tí mò ń wá àyè ní Kútọnu lójú méjèèjì, kò sẹ́ni tó pè mí. Ìgbà tí ọmọ iṣẹ́ mi kù díẹ̀ kó gba òmìnira, tí àwọn èèyàn ń ti Pọ́bẹ̀ gbé aṣọ wá bá mi, ìgbà yẹn ni ìpè dé.

Ó dáa, kí n wo àká temi. Bí mo bá lọ tí kò bá wọ̀, ẹ̀rọ kejì wà níbí. Ọmọ iṣẹ́ mi lè dá ibí yìí dúró. Mi kì í san owó ilé lórí yàrá yìí. Irúgbìn kù, ó kù dáadáa! Kí ló wá ń dá mi dúró?

Màmá ni. Ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ò tíì san, wọn ò sì ní sọ fún mi bó ṣe ń dùn wọ́n tó. Wọ́n ní kí n lọ. Wọ́n ń tẹnu mọ́ ọn jù. Màmá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kó pa mọ́ sí àká.

Màá pe Tántì lọ́la. Màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ máa wá lọ́jọ́ Ajé, kí n máa padà sí Kétu lọ́jọ́bọ̀, títí ẹ̀gbọ́n mi á fi dé. Bí wọ́n bá gbà, màá lọ. Bí wọn ò bá gbà… owó ilé ibẹ̀ pàápàá, mi ò tíì bèèrè.