Nọ́kàòtù l'Ékòó àti ní Houston: ta ni òfin ń lé?

L'Ékòó, oṣù Kejìlá ni etí kì í sinmi nítorí nọ́kàòtù, ẹ̀tù abúgbàmù tí wọ́n ń yìn nígbà ọdún. Ní Houston, 4 oṣù Keje ni, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà. Níbi méjèèjì, òfin wà, ariwo náà wà. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tí òfin dojú kọ: l'Ékòó, ẹni tó ń tà á ni ọlọ́pàá ń lé jù, ní Houston, ẹni tó ń yìn ín ni.

Láàárín ìlú Houston, kó o tiẹ̀ ní in lọ́wọ́ lásán, èèwọ̀ ni. Owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ $500 sí $2,000, lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe lórí páálí. Ṣùgbọ́n wa mọ́tò kọjá ààlà ìlú díẹ̀, wàá bá àtíbàbà àti ìsọ̀ lẹ́bàá títì tí wọ́n ń tà á lọ́sàn-án gangan, láti 24 oṣù Kẹfà títí di òru 4 oṣù Keje. Ìpínlẹ̀ Texas gbà wọ́n láàyè. Ọmọ ọdún 16 lè rà á. Oníbàárà á kó o sí búùtù, á gba ilé lọ, ọjà tó rà láìdẹ́ṣẹ̀ á sì di ẹ̀ṣẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹnubodè níbẹ̀, ta ni yóò yẹ búùtù wò?

Ibi tí iṣẹ́ ti já lọ́wọ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Kí wọ́n tó dé àdúgbò, èéfín ló kù. Ìlú sì ń bẹ aráàlú kí wọ́n má pe 911, nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì, nítorí ariwo lásán, torí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó náà ń pe nọ́ńbà yẹn. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú, ìjọba ìbílẹ̀ lè fòfin de oríṣi méjì, èyí tó ní igi nídìí àti èyí tó ní apá bí ẹja, nítorí kò sẹ́ni tó mọ òrùlé tí wọ́n máa bà lé. L'Ékòó, ọyẹ́ gan-an ni tiwa máa ń bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣà á ní oríṣi.

Bángà tí ọmọdé ń yìn nílé kò tó ìka. Orí rẹ̀ dà bí ti ìṣáná. Wọ́n á ha á mọ́ ẹ̀gbẹ́ páálí ìṣáná, wọ́n á jù ú. Ẹni tó bá dì í mú pẹ́, ìka ló fi ń san án. Ti Amẹ́ríkà tó ní ọ̀pá oníhò àti bọ́ọ̀lù ẹ̀tù le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí bọ́ọ̀lù tó tẹ́jú ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé; bó bá wọlé lódìkejì, inú ọ̀pá ló máa bú sí. Bí ìdí ọ̀pá kò bá dúró ire, á wó, á sì kọjú sí àwọn tó ń wòran. Èyí tó kọ̀ tí kò dún, ẹ fi í sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ da omi lé e, ẹ má ṣe tún un tàn. Kódà èyí tó ti dún tán, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Àìmọye ilé ló ti gbiná láàárín òru láti inú garawa ìdọ̀tí tó fara ti ògiri.

Lójú tiwa, lílé ẹni tó ń tà á léwu ju bí ó ti jọ lọ. Òótọ́ ni ọlọ́pàá sọ pé ariwo rẹ̀ jọ ti ìbọn, olè sì lè fi í bojú. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ń lé, abẹ́ káńtà àti inú yàrá ló ń sá sí. Ní 26 oṣù Kejìlá 2012, ilé kan tí wọ́n kó nọ́kàòtù sí bú gbàmù ní Jankara, l'Érékùṣù Èkó, láàárín ilé tó fara kanra, iná sì ràn mọ́ àwọn ilé tó yí i ká. Ní Texas, gbangba ni àtíbàbà wà, òfin kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni yìn ín láàárín 100 ẹsẹ̀ bàtà sí ibi tí wọ́n ti ń tà á.