UDP kì í dáhùn: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́, fún ẹ̀yin àbúrò

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Àbújá, Kàdúná àti Kánò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré UDP, ìlànà tó ń fi dátà ránṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láìdúró gba ìdáhùn. Ojú ewé mẹ́ta péré ni RFC 768, ìwé tí Jon Postel fi ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1980, síbẹ̀ UDP ló ń gbé DNS tó ń wá àdírẹ́sì orúkọ ìkànnì (pọ́ọ̀tù 53, ìyẹn nọ́ńbà ẹnu-ọ̀nà ètò) àti NTP tó ń tún aago ẹ̀rọ ṣe (123) dòní.

Ẹni tó gbé ẹrù fún awakọ̀ Kánò ní gáréèjì Jábì, tí kò gba nọ́ńbà rẹ̀, tí kò sì pe ẹni tó máa gbà á, bí UDP ṣe ń ṣe nìyẹn. Báìtì 8 ni orí (header) tó wà níwájú pákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn ìdì dátà kọ̀ọ̀kan: pọ́ọ̀tù tó ti wá, pọ́ọ̀tù tó ń lọ, gígùn àti checksum (nọ́ńbà tí a fi ń mọ̀ bóyá dátà bàjẹ́), báìtì méjì-méjì. Kò sí nọ́ńbà tó ń sọ èyí tó ṣáájú. Pákẹ́ẹ̀tì kejì lè ṣáájú àkọ́kọ́ dé, òmíràn lè dé lẹ́ẹ̀mejì, òmíràn ò ní dé rárá. Ètò tó ń lò ó ló máa fi nọ́ńbà sí i, tó máa dá àkókò, tó máa tún un rán.

Èrè rẹ̀ pọ̀ níbi tí okùn fíbà ò tíì dé. Lórí VSAT (ìsopọ̀ sátẹ́láìtì), àlọ àti àbọ̀ ń gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 600. TCP, ìlànà kejì tó ń dúró gba ìdáhùn, á ti ná gbogbo ìyẹn sórí ìkíni kó tó béèrè ohunkóhun; UDP kì í kí ẹnikẹ́ni.

Ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì ló ń dààmú ènìyàn jù. Nínú báìtì 1500 tí pákẹ́ẹ̀tì kan lè gbà lórí Ethernet (nẹ́tíwọ́ọ̀kì okùn), orí IPv4 (ìlànà àdírẹ́sì) gba 20, ti UDP gba 8, ó ku 1472 fún dátà. PPPoE, ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìntánẹ́ẹ̀tì kan fi ń so oníbàárà pọ̀, tún ń yọ 8 kúrò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, IP á gé e, bí ègé kan bá sì sọnù, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí èsì kékeré fi ń kọjá tí ńlá ń há. Lórí Linux, ẹ ta `ping -M do -s 1472` sí àdírẹ́sì náà, kí ẹ máa dín in kù títí yóò fi kọjá.

Ẹ má sì gba `nc -zvu` (àṣẹ tó ń dán pọ́ọ̀tù wò) gbọ́ bó bá ní pọ́ọ̀tù ṣí. Kò rí èsì ló fi sọ bẹ́ẹ̀, firewall (odi ààbò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sì lè ti gbé pákẹ́ẹ̀tì mì. Orí ẹ̀rọ tó ń gbà ni kí ẹ ti wò ó: `tcpdump -ni any udp port 53`. Bó bá dé ibẹ̀ tí ètò ò rí i, ẹ wo "receive buffer errors" nínú `netstat -su`. Bí iye yẹn bá ń lọ sókè, ètò ń lọ́ra láti kà á, kernel (ọkàn Linux) sì ń da àṣẹ́kù nù.

NAT, ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lo àdírẹ́sì kan, náà ń gbàgbé ìsopọ̀ tó bá dákẹ́. Àwọn ráútà kan ò ju sẹ́kọ́ńdì 30 lọ, nítorí náà ẹ fi PersistentKeepalive ti WireGuard (VPN tó ń lo UDP) sí sẹ́kọ́ńdì 25, kó má bàa dákẹ́ jù, lórí ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn NAT.