Wọ́ọ̀dù yín ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀pọ̀ ìdílé tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn máa ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé àdúgbò wọn, wọ́n á gba ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì LAUTECH tàbí Bowen lọ, torí pé ibẹ̀ ni àwọn dókítà ńlá wà. Ibà ọmọdé tí wọn ìbá wò nítòsí ni wọ́n á fi san owó káàdì, owó àyẹ̀wò àti owó oògùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa béèrè pé ibo ni ìrànwọ́ ìjọba wà. Ó wà. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ìyẹn ìpín àdúgbò lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ni wọ́n gbé e sí, ẹni tó bá gba ibòmíràn wọlé kì í bá a pàdé.

Òfin ìlera orílẹ̀-èdè yìí ti 2014 ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán náírà kan sọ́tọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tó ń wọlé fún un, fún ìtọ́jú ìpìlẹ̀. BHCPF ni wọ́n ń pe owó náà. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ń gba ọ̀dọ̀ adójútòfò ìlera, ìyẹn ètò sísan owó ìtọ́jú sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, kọjá, ìdá 45 nínú 100 ń lọ sí ètò ìlera alábọ́ọ́dé, ìdá 5 sì wà fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Òfin mìíràn ní 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, OYSHIA ni iléeṣẹ́ tó ń bójú tó o. Ẹnu ọ̀nà méjì ló ní: ti àwọn tí kò ní san kọ́bọ̀, àti ti àwọn tó ń sanwó lọ́dọọdún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ti ọ̀fẹ́. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwòsàn wọ́ọ̀dù yín láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kó má jẹ́ ọjọ́ àjẹsára tí ìyá àti ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Ohun méjì ni kí ẹ béèrè: ṣé ibí yìí wà lára àwọn tó ń gba BHCPF, àti pé ta ló ń kọ orúkọ àwọn tí kò ní sanwó sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ wa? Wọ́ọ̀dù 351 ló wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ilé ìwòsàn kan ni wọ́n sì ń yàn fún ètò yìí ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà èyí tó sún mọ́ yín jù lè má jẹ́ òun.

Àwọn tí ètò náà wà fún ni aláboyún, ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àgbàlagbà, àwọn tó ní ìpèníjà ara, àti ìdílé tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn aláìní. Àdúgbò fúnra rẹ̀ ló ń tọ́ka sí ẹni tó yẹ kó wọ ìwé yẹn. Opó tó ń ta láfún lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Jagun, tí ìtìjú ò jẹ́ kó sọ pé òun ò ní, irú wọn gan-an ni wọ́n máa ń fò. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ létí ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù tàbí baálẹ̀. Ohun tí ètò ọ̀fẹ́ ń san fún ni ìtọ́jú oyún, ìgbẹ̀bí, àìsàn ọmọdé, ibà, àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Kò ju ìpìlẹ̀ lọ, àmọ́ ìpìlẹ̀ yìí ló ń gba owó lọ́wọ́ ìdílé lóṣooṣù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́ ni orúkọ. Bó ṣe máa ń rí nìyí: lórí NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, Folashade ni obìnrin kan ń jẹ́, pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀. Lórí káàdì ìdìbò, Sade ni, pẹ̀lú orúkọ ọkọ. Lórí káàdì oyún tí nọ́ọ̀sì fi bírò kọ, Ìyá Ìbejì ni. Ènìyàn kan ṣoṣo ni, àmọ́ lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn mẹ́ta ni. Ohun tó bá wà lórí NIN ni kí ẹ pè fún ẹni tó ń tẹ orúkọ yín, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yẹ ojú kọ̀ǹpútà wò kó tó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ ka nọ́ńbà NIN náà pẹ̀lú rẹ̀: mọ́kànlá ló gbọ́dọ̀ pé. Ẹni tó bá ti gbàgbé tirẹ̀ lè tẹ *346# lórí fóònù tó ní líìnì tó fi forúkọ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ NIN àkọ́kọ́, ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe ọjọ́ ìbí ló ń gbówó gọbọi. Bí ẹ bá ń mú ìyá àgbà tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ, ẹ ti fẹnu kò sí ọjọ́ kan nílé, kí gbogbo ìwé rẹ̀ sì máa jẹ́ ọjọ́ yẹn. Nọ́ńbà fóònù náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá lo nọ́ńbà ọmọ tó wà ní Èkó, Èkó ni gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ yóò máa lọ.

Fún ọmọdé, NIN òbí àti ìwé ẹ̀rí ìbí láti ọ́fíìsì àjọ ètò ìkànìyàn ni wọ́n ń béèrè. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bí ẹ bá ti ń gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ ti ṣe é.

Télọ̀, ọlọ́kadà, aláta, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé aláìní ṣùgbọ́n tó ń rí díẹ̀díẹ̀, ẹnu ọ̀nà kejì ni tiwọn. Owó ọdún náà máa ń yí, ẹ béèrè iye tó wà lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì OYSHIA. Àkáǹtì tí wọ́n bá fi hàn yín níbẹ̀ ni kí ẹ san án sí, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má ka owó sí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láàárín ọjà, bó tilẹ̀ gbé báàjì kọ́rùn. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ lè fi àjọ dá a: ká kàn fi ṣe ìṣirò pé náírà 15,000 ni, ọ̀ọ́dúnrún náírà lọ́sẹ̀ yóò pé e ní àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Ẹni tó san án lónìí kò ní lò ó lọ́la, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ń ní kó dúró. Èyí máa ń bí àwọn ènìyàn nínú, àmọ́ a kì í wọ àjọ lọ́jọ́ ìkó. Bó bá jẹ́ aláìsàn nìkan ló ń san án, owó tó wà nílẹ̀ kò ní tó ẹnì kan tọ́jú.

Kí ẹ tó yan ilé ìwòsàn tí ẹ ó máa lò, ẹ lọ wò ó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣé iná wà? Ṣé nọ́ọ̀sì wà? Èló ni ọ̀kadà máa gbà láti ilé yín débẹ̀ lóru? Oṣooṣù ni wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sí ibi tí ẹ bá yàn, lórí iye orí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣàìsàn o, ẹ ò ṣàìsàn o. Ìdí nìyẹn tí ibòmíràn kò fi ní dá yín lóhùn: owó yín ò sí lọ́dọ̀ wọn. Bí àìsàn bá ju agbára wọn lọ, wọ́n á kọ ìwé tí ẹ ó gbé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á sì gba kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ, lọ́dọ̀ adójútòfò. Ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba kóòdù yẹn. Láìsí i, ẹ ó san gbogbo owó bí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ rárá.

Ojú fèrèsé oògùn tún wà níbẹ̀. Wọ́n lè ní, “Kò sí, ẹ lọ rà á níta.” Ẹ fi sùúrù béèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣé oògùn yìí wà nínú ìwé oògùn adójútòfò? Ṣé èyí tó jọ ọ́ wà?” Nígbà mìíràn, orúkọ iléeṣẹ́ oògùn ni dókítà kọ, irú oògùn kan náà sì wà lórí pẹpẹ wọn lórúkọ mìíràn. Bí kò bá sí lóòótọ́, ẹ gba ìwé oògùn náà, ẹ tọ́jú rìsíìtì, ẹ fi tó OYSHIA létí.

Àwọn nǹkan kan kò nílò káàdì kankan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni. Oògùn HIV, ọ̀fẹ́ ni. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, àyẹ̀wò rẹ̀ àti oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni, oṣù mẹ́fà gbáko sì ni wọ́n sábà máa ń lò ó. Ẹni tó bá ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó dẹ́kun ríra oògùn ikọ́ lọ́wọ́ akiri, kó lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ní ti pàjáwìrì, abala 20 òfin 2014 yẹn sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn náírà 100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin yìí kò sọ pé ẹ ò ní sanwó lẹ́yìn náà, ìtọ́jú ni wọn ò gbọ́dọ̀ dá dúró.

Fún aláboyún, mínísítà ìlera, Muhammad Ali Pate, kéde ní oṣù kọkànlá 2024 pé ìjọba àpapọ̀ yóò máa gbé owó iṣẹ́ abẹ ìbímọ fún obìnrin tí kò rówó san án, nípasẹ̀ adójútòfò. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ ṣì ń lọ fún ìtọ́jú oyún ni kí ẹ béèrè, ẹ má dúró di ìgbà tí ìrọbí bá dé.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti ilé ìwòsàn ńlá, ẹ béèrè ọ́fíìsì wẹ́fíà. Iṣẹ́ wọn ni láti wo agbára aláìsàn, kí wọ́n bá a bẹ̀bẹ̀ kí owó dín kù tàbí kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ kìíní tàbí ìkejì tí wọ́n dá aláìsàn dúró ni kí ẹ lọ, torí ó ṣòro fún wọn láti ṣe ohunkóhun nígbà tí owó bá ti ga. Ẹ mú NIN dání, ìwé oògùn, ìwé iye owó, àti lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ baálẹ̀, ìjọ tàbí mọ́sálásí tó mọ̀ yín. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ohunkóhun, ẹ rí i pé wọ́n kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí àkáǹtì, torí ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru kò ní mọ̀ pé ẹ ti bá wẹ́fíà sọ̀rọ̀.