Òṣùpá Tó Ń Tẹ̀lé Wa
Lálẹ́ àná, nínú ọkọ̀, ọmọ mi nawọ́ sí fèrèsé: “Dádì, kí ló dé tí òṣùpá ń tẹ̀lé wa?”

Àyà mi já. Ìbéèrè yìí gan-an ni mo gbé sínú láti kékeré, ojú ń tì mí láti bi ẹnikẹ́ni. Mo ti dàgbà kí n tó wá a kà fúnra mi.

Mo ní kó wo àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n ń sáré kọjá torí wọ́n sún mọ́ wa. Òkè ọ̀ọ́kán ń rọra lọ. Òṣùpá jìnnà tó nǹkan bí 384,000 kìlómítà, ìrìn wa kò sì tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn, torí náà ibì kan náà la ṣì ń rí i, bíi pé ó ń bá wa lọ.

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣé ó ń tẹ̀lé àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì náà?”

Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àwọn náà ń rí i bẹ́ẹ̀.