Oògùn ara ríro ní Àkúrẹ́ àti ní Nottingham

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Oǹdó tí mo mọ̀ ní Nottingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣe. A máa gbé ènìyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, a máa yí i padà, a máa wẹ̀ fún un, ilẹ̀ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ kí a tó jókòó. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn wà lóòótọ́, síbẹ̀ ẹ̀yìn á ṣì máa dunni. Nílé, oko kòkó lọ́nà Ìdànrè ló ń fa tiwọn, tàbí ẹrù rírù ní Ọjà Ọba, tàbí iyán gígún. Ìrora kan náà ni. Ohun tí ènìyàn ń ṣe sí i ni kò jọra rárá, mo sì ń kọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ní Àkúrẹ́, bí ara bá ń roni, kẹ́mísì ni à ń lọ. Kò sí àdúgbò tí kò ní tirẹ̀, láti Ìsinkàn dé Òkè-Àró, wọn kì í sì í tètè tì. "Dókítà" ni gbogbo wa ń pe ẹni tó ń tajà níbẹ̀.

"Dókítà, ẹ̀yìn ń dùn mí o. Ẹ bá mi wá nǹkan tó lágbára."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màá. Ṣé ẹ ti jẹun?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí pé diclofenac, ibuprofen àti àwọn ẹbí wọn máa ń bá ikùn jà, wọ́n sì lè dá ọgbẹ́ sí i. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ló ń bà mí lẹ́rù. Dókítà á fa káàdì oògùn kan yọ, á fi sísọ́ọ̀sì gé hóró mẹ́rin kúrò lára rẹ̀, á dì í sínú ọ̀rá kékeré, ó parí. Orúkọ oògùn náà lè ṣẹ́ kù sára apá káàdì tó dá padà sínú páálí. Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán wà níbẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC náà wà lára páálí. Ohun tí màmá gbé lọ sílé kò lórúkọ.

Kì í sì í ṣe oògùn kan ló wà nínú hóró yẹn. Àpapọ̀ ni. Nínú irú kan tó wọ́pọ̀ nílé, diclofenac 50mg, paracetamol 500mg àti chlorzoxazone 250mg ló wà nínú hóró kan ṣoṣo. Diclofenac ń bá wíwú àti ìrora jà, paracetamol ń dín ìrora kù, chlorzoxazone ń dẹ iṣan tó le. Èrò tó bí i kò burú. Oògùn méjì tó ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣiṣẹ́ lè borí ìrora ju ẹyọ kan lọ, wọ́n ti yẹ èyí wò dáadáa fún paracetamol àti ibuprofen. Àwa Yorùbá náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa po oògùn ìrora pọ̀: láti 1918 ni Jacob Odulate ti ń ṣe Alabukun ní Abẹ́òkúta, aspirin àti caffeine ló wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, a ṣì ń dà á sẹ́nu títí dòní.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá lo hóró alápapọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ ti gbé diclofenac 150mg mì, ìyẹn sì ni òpin fún àgbàlagbà ní ọjọ́ kan. Paracetamol inú rẹ̀ ti di 1,500mg. Bí orí bá tún wá ń fọ́ ọ, tó fi paracetamol 500mg méjì-méjì kún un lẹ́ẹ̀mẹta, 3,000mg mìíràn ti wọlé. Gbogbo rẹ̀ di 4,500mg, bẹ́ẹ̀ àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá 4,000mg láàárín wákàtí 24. Ẹ̀dọ̀ ló ń jìyà àṣejù paracetamol, kì í sì í pariwo ní ọjọ́ kìíní. Tó bá tún bu Alabukun lé e, aspirin ti bá diclofenac pàdé nínú ikùn kan náà, ẹbí kan sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ nínú ikùn. Chlorzoxazone ní tirẹ̀ máa ń mú oorun wá, awakọ̀ àti ọlọ́kadà sì wà lára àwọn tó ń rà á jù. Nínú gbogbo èyí, ẹni náà kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ara rẹ̀ ní ibi. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé paracetamol wà nínú oògùn ẹ̀yìn tó rà.

Ní Nottingham, ìlú tí wọ́n ti ṣàwárí ibuprofen gan-an nìyí. Stewart Adams àti John Nicholson tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ apoògùn Boots ló ṣe é. Oògùn làkúrègbé tí kò ní le bí aspirin lára ni Adams ń wá. Ní 1969, ìwé dókítà ni ènìyàn fi ń rí i rà níbí, ó di 1983 kí wọ́n tó gbà kí ènìyàn rà á fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, mo rántí gbogbo "brufen" tí wọ́n gé fún wa ní Àkúrẹ́, tí a kò mọ ibi tó ti wá.

Ìlú tó bí i kì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú oògùn ìrora. Paracetamol tí kò tó pọ́n-ùn kan wà lórí àtẹ súpámákẹ́ẹ̀tì, àmọ́ hóró 16 péré ló wà nínú páálí, bí o bá sì fẹ́ páálí tó ní 32, àfi kí o lọ sí fámásì. Láti 1998 ni òfin yẹn ti wà, nítorí àwọn tó ń fi paracetamol pa ara wọn. Bí o bá gbé ju páálí méjì lọ, wọn kò ní tà á fún ọ. Ẹ̀rọ ìsanwó pàápàá á dúró gbọnin títí òṣìṣẹ́ kan á fi wá wo ojú rẹ. Ibuprofen 200mg wà lórí àtẹ. 400mg wà lẹ́yìn famasísì, tó máa bi ọ́ bóyá o ní ikọ́ fée, ọgbẹ́ inú tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Hóró diclofenac ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ìwé dókítà láti oṣù kìíní 2015, nítorí ewu tó ń ṣe fún ọkàn. Oògùn alápapọ̀ wà níbí náà, ibuprofen àti paracetamol nínú hóró kan, ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì hàn gbàgàdà lára páálí. Chlorzoxazone, mi ò tíì rí i ní fámásì kankan.

Kò wá túmọ̀ sí pé gbogbo nǹkan dùn níbí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni ènìyàn á ti máa pe ilé ìwòsàn, á dúró sórí fóònù, wọ́n á sì sọ pé kó máa ṣe eré ìdárayá kó sì lo ibuprofen. Lóòótọ́, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún àwọn ilé ìwòsàn níbí, gbé jáde ní 2016 fún ẹ̀yìn dídùn fi eré ìdárayá ṣáájú, ó tilẹ̀ ní kí wọ́n má fi paracetamol nìkan tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìrora bá mú ọ lóru, tí iṣẹ́ ń dúró de ọ lọ́la, wàá rántí kẹ́mísì tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì ń tàn.

Ìdí nìyẹn tí káàdì oògùn fi máa ń bá èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ wọ báàgì wa wá. Lẹ́nu iṣẹ́, ẹ óò gbọ́ tí ẹnì kan rọra ń bi ẹlòmíràn pé, "Àǹtí, ṣé oògùn ilé ṣì kù lọ́wọ́ yín?" Tí dókítà ibí bá wá bi wá pé kí ni a ń lò, a ó ní kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un. Bí ó bá kọ oògùn tó ní diclofenac tàbí ibuprofen nínú fún ọ, tí tilé náà wà nínú àpò rẹ, kò sí bó ṣe lè mọ̀.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Màmá mi ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Diclofenac máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, tó bá sì pàdé irú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn, kíndìnrín lè dáṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá lára àgbàlagbà. Nígbà tí orúnkún ń dà wọ́n láàmú, mo ní kí wọ́n gbé ọ̀rá oògùn náà síwájú fóònù. Funfun wà níbẹ̀, aláwọ̀ ìyeyè wà níbẹ̀, kékeré kan tún wà láàárín. Kò sí lẹ́tà kan lára wọn tí ojú mi rí kà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló mú wọn lọ sí fámásì kan ní Alágbàká. Famasísì náà wo káàdì ilé ìwòsàn wọn, ó ní kí wọ́n dá àpapọ̀ yẹn dúró, ó fún wọn ní paracetamol nìkan pẹ̀lú ìwọ̀n tí wọn kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó fi ìpara diclofenac kún un fún orúnkún, nítorí pé díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ láti ara ìpara. Ó ní kí wọ́n rí onífisiò, ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara ríro, ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ẹ̀gbọ́n mi padà lọ bá kẹ́mísì àdúgbò, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ta odidi káàdì fún màmá. Kẹ́mísì náà ò bínú. Ó ní owó hóró méjì-mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ oníbàárà òun máa ń mú wá lójúmọ́, pé tí òun bá ní àfi odidi káàdì, ìrora ni wọ́n máa gbé sùn.